Wọ́n Ní Kí Ọmọ Mi Fọwọ́ Síwèé Kó Máa Lọ Amẹ́ríkà

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú nínú èyí tó wà lórí tábìlì mi lóṣù yìí, torí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí, kálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ bi í: bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan èèyàn ní ìlú kan, tó sì wà ní ìlú mìíràn, ta ló lè mú un, báwo ni wọ́n sì ṣe ń fà á lé ẹni tó ń wá a lọ́wọ́? Àwa lọ́yà ń pè é ní extradition. Ní ọjà Dùgbẹ̀, "wọ́n ti gbé e fún òyìnbó" ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí ó ká mi lára.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà wa. Opó ni mí, èlùbọ́ ni mo ń tà ní Ṣágámù. Ọjọ́ kejìlá rèé tí wọ́n ti wá gbé ọmọkùnrin mi kejì nínú ilé tó háyà ní Lẹkí. Ọmọ ọdún 26 ni. Wọ́n ní Amẹ́ríkà ló ń wá a, pé ó gba owó lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ mi ní òun kọ́, ọ̀rẹ́ òun ló lo àkáǹtì òun. Ọkùnrin kan tó ní òun mọ èèyàn níbẹ̀ sọ pé kí n wá mílíọ̀nù méjì náírà, àwọn á bá a ṣe é kó fọwọ́ sí ìwé kan, kó tètè máa lọ, pé bó bá dé ọ̀hún wọn ò ní pẹ́ dá a sílẹ̀. Ó ní bí mo bá mú lọ́yà wá, inú á bí wọn. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Elélùbọ́, Ṣágámù

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀. Ẹni tó ní kí ẹ má mú lọ́yà wá, tó tún ní kí ẹ mú mílíọ̀nù méjì wá, iṣẹ́ ta lẹ rò pé ó ń ṣe? Mo ti ń rí irú wọn lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá àti nínú ọgbà kóòtù láti ìgbà tí wíìgì mi ti funfun títí ó fi pọ́n bí ewé tábà.

Ìwé tó ń sọ yẹn wà lóòótọ́. Ìwé tí afurasí fi ń sọ pé òun ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ni, kí wọ́n máa gbé òun lọ. Àwọn kan ti fọwọ́ sí i tó sì ṣe wọ́n láǹfààní, torí lọ́yà wọn ti ka ẹ̀sùn náà tán, ó ti bá lọ́yà kan ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti sun ọjọ́ méjìlá nínú àtìmọ́lé, tí ẹ̀fọn ti jẹ, tí wọ́n gbé bírò lé lọ́wọ́ lóru, kí ló fẹ́ kà nínú ìwé? Bó bá ti fọwọ́ sí i, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbá dànù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀nà náà ṣe lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà ò lè ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá kan ní Lẹkí pé kó bá àwọn di ọmọ yín ránṣẹ́. Iléeṣẹ́ aṣojú wọn ló máa kọ̀wé sí Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá, òun náà ni mínísítà ètò ìdájọ́. Bí ìyẹn bá rí i pé ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, á gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀. Ilé ẹjọ́ yẹn nìkan ni ìwé òfin ọdún 1999 fún lágbára lórí irú ẹjọ́ yìí, ẹ wo abala 251. Ọ̀gá ọlọ́pàá kankan ò lè dá a ṣe. Òfin tí a ń tẹ̀ lé ti wà láti 1966. Àdéhùn tó so wá pọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà tún dàgbà jù ú lọ: Gẹ̀ẹ́sì ló bá Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá 1931, wọ́n kó àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn mọ́ ọn, àwa sì jogún rẹ̀ nígbà tá a gba òmìnira. Ìwé tí wọ́n kọ kí bàbá mi tó wọ iléèwé ni wọ́n fi ń wá ọmọ yahoo kiri lónìí. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, Ìyá wa, kí omijé lè gbẹ.

Níwájú adájọ́, wọn kì í béèrè bóyá ọmọ yín jẹ̀bi. Ibí yìí ló máa ń rú àwọn ìyá lójú jù. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ló lo àkáǹtì òun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kóòtù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti máa tú ìyẹn palẹ̀. Ìwé ni adájọ́ tiwa máa wò. Ṣé ó pé, ṣé òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀? Ṣé ohun tí wọ́n ní ó ṣe yìí, òfin tiwa náà kà á sí ọ̀ràn tí èèyàn lè torí ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣé ẹ̀rí tó wà níbẹ̀ tó láti pe èèyàn lẹ́jọ́, ká ní ibí ló ti ṣẹlẹ̀? Àti pé, ṣé ẹni tí wọ́n mú yìí gan-an lẹni tí wọ́n ń wá?

Ẹ má fojú kékeré wo èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mo dúró fún ọ̀dọ́kùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ẹ ó rí lára ogún èèyàn ní Mushin nìkan. Ìwé tó ti òkè òkun wá nípọn bíi Bíbélì, wọ́n fi rìbọ́nù pupa dì í, wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ìdí rìbọ́nù náà. Lọ́yà mìíràn, bó bá ti rí rìbọ́nù yẹn báyìí, àyà rẹ̀ á ti já. Mo ń ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé ibi tí wọ́n lẹ fọ́tò sí, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kékeré tó ti ṣú, torí ẹ̀dà inú ẹ̀dà ni. Ìyá ọmọ náà jókòó sẹ́yìn mi, ó gbé fúláàsì oúnjẹ ka itan. Mo na ìwé sí i. Kò wo imú, kò wo ẹnu. Etí ló wò. Ó ní, "Lọ́yà, ìsàlẹ̀ etí ẹni yìí lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti ọmọ mi ń mì dirodiro, etí bàbá rẹ̀ ni." Mo yíjú wo ọmọ náà níbi tó dúró sí. Òótọ́ ni. Etí yẹn, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí tí kò bára mu, ló gbà á sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í ka ìwé ẹjọ́ irú èyí láìjẹ́ pé ìyá wà nítòsí.

Ọ̀rọ̀ olóògbé Sẹ́nétọ̀ Buruji Kashamu náà, ibi ta-ni-yẹn-gan-an ló dúró sí. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti mú un ní ìparí 1998, Amẹ́ríkà ní ó lọ́wọ́ nínú òwò oògùn olóró. Ó ní wọ́n ṣi òun mú ni, arákùnrin òun tó jọ òun ni wọ́n ń wá. Wọ́n fà á títí di oṣù Kìíní 2003 kí adájọ́ ibẹ̀ tó kọ̀ láti fà á lé wọn lọ́wọ́. Ó wálé, ó di sẹ́nétọ̀ fún Ìlà Oòrùn Ògùn, síbẹ̀ Amẹ́ríkà ò jáwọ́ títí ó fi kú lóṣù Kẹjọ 2020. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: bí kóòtù kan bá kọ̀, ẹ̀sùn náà kò kú. Ó kàn jókòó dè é níbi tó wà ni.

Àwọn kan á tún gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é lẹ́jọ́ mìíràn níbí kó má baà lọ. Ọ̀rọ̀ Abba Kyari ni wọ́n ti kọ́ ìyẹn, ọ̀gá ọlọ́pàá tí Amẹ́ríkà ní kí a fà lé àwọn lọ́wọ́ nítorí ẹjọ́ Hushpuppi, ọmọ yahoo olókìkí tó ń gbé Dubai. Lóṣù Kẹjọ 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ l'Ábújá da ẹ̀bẹ̀ náà nù, torí ẹjọ́ oògùn olóró ti wà lọ́rùn rẹ̀ níbí, òfin wa sì sọ pé a kì í fa ẹni tó ṣì ń jẹ́jọ́ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ kí ẹjọ́ tibí tó tán. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn ṣe ọgbọ́n, ẹjọ́ méjì ló rà sọ́rùn.

Ká ní adájọ́ ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Kò tíì parí. Ọjọ́ 15 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó lè mú un kúrò nílẹ̀ yìí, kí ó lè ráyè lọ bá ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n yẹ àtìmọ́lé náà wò bóyá ó bófin mu. Àyè wà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bó bá sì dé ọ̀hún, ẹ̀sùn tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbà á ni wọ́n lè bá a ṣẹjọ́ lé lórí. Wọn ò lè gbà á nítorí owó arúgbó kí wọ́n wá yọ ọ̀ràn àtijọ́ mìíràn jáde lápò. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé kó tètè lọ kì í sábà mọ̀ pé irú ààbò yìí wà, kò sì ní mọ ohun tó lè béèrè.

Ọjọ́ méjìlá tí ẹ wí yẹn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé òfin, abala 35, sọ pé ẹni tí wọ́n mú gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ méjì bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, àfi bí kóòtù bá rí ìdí láti fi kún un. Lẹkí ò jìnnà sí kóòtù kankan. Kí lọ́yà yín kọ́kọ́ béèrè wáráǹtì tí wọ́n fi tì í mọ́lé: adájọ́ wo ló fọwọ́ sí i, ọjọ́ wo? Ẹ kó ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ wá, ìwé ẹ̀rí ìdánwò, pásípọ́ọ̀tù bó bá ní, àti àkọsílẹ̀ àkáǹtì báńkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ọ̀rẹ́ yẹn àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbì kan, kó tó yí i. Ẹ sọ fún ọmọ náà, bí wọ́n bá jẹ́ kẹ́ ẹ rí i, pé kó má fọwọ́ sí ohunkóhun bí lọ́yà rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ìbéèrè: Àǹtí Lọ́yà, ará yín ni mí ní Ìdíìrókò. Àbúrò bàbá mi bá ẹnì kan jà lórí ilẹ̀ nítòsí Ìlaró, àdá wọ̀ ọ́, ẹni yẹn ṣì wà nílé ìwòsàn. Àbúrò bàbá mi ti kọjá sí Kétu, ilé ìyá wọn. Ó ní òun wà nílé, pé ilẹ̀ Alákétu ni òun wà, ilẹ̀ Yorùbá, ọlọ́pàá Nàìjíríà ò lè débẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Ọmọ Ààlà

Ìdáhùn: Àbúrò, o mú mi rántí ilé. Láti Ìdíìrókò, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń sáré kọjá lọ ra búrẹ́dì gígùn ní Igolo kí a tó lọ síléèwé, a ò mọ̀ pé orílẹ̀-èdè la ń kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà la mọ̀. Aṣọ́bodè mọ orúkọ wa. Nítorí náà, mo mọ ohun tí àbúrò bàbá rẹ ń rò. Àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ló fa ìlà yẹn sáàárín ìdílé kan náà, kò sì wọ àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ létí rí.

Ó wọ ìjọba létí ní tiwọn. Òótọ́ ni pé ọlọ́pàá Nàìjíríà tó bá wọ Kétu lọ mú èèyàn, òun gan-an ló rú òfin. Agbára rẹ̀ tán níbi ọ̀pá tí wọ́n gbé dábùú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Benin, Ghana, Nàìjíríà àti Togo ti jọ fọwọ́ sí àdéhùn kan ní 1984 pé àwọn á máa fa afurasí lé ara wọn lọ́wọ́, ECOWAS náà sì tún ṣe tirẹ̀ l'Ábújá ní oṣù Kẹjọ 1994. Kí a fi àdá ṣá èèyàn kì í ṣe ọ̀ràn kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bí Nàìjíríà bá kọ̀wé, Kétu ò ní gbà á sílẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ̀wé, mo ní. O rántí Sunday Adéyẹmọ, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sunday Ìgbòho. Lọ́jọ́ 19 oṣù Keje 2021, wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfurufú Kútọnu, òun àti ìyàwó rẹ̀, Jámánì ni wọ́n ń lọ. Ní Nàìjíríà, gbogbo ènìyàn rò pé tó bá di àárọ̀ ọ̀la, á ti wà l'Ábújá. Láti Kútọnu sí Èkó kò ju ìrìn wákàtí mélòó kan lọ bí Sẹ̀mẹ̀ ò bá dí. Àmọ́ kóòtù Kútọnu dá sí i, lọ́yà dìde, wọ́n ní kí ni ẹ̀sùn tí Nàìjíríà fi kàn án, níbo ni ìwé rẹ̀ wà? Benin fi í sí àtìmọ́lé tirẹ̀, ó sì di oṣù Kẹta 2022 kí wọ́n tó jẹ́ kó jáde lọ tọ́jú ara. Wọn ò fà á lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Ẹ ò rí i pé ó gba ẹ̀gbẹ́ méjì: kò rí Jámánì dé nígbà yẹn, kò sì dé Abújá. Oṣù bíi mẹ́jọ ló fi wà ní àtìmọ́lé ní ìlú tó kàn fẹ́ gbà kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ kó o sọ fún àbúrò bàbá rẹ nìyẹn. Kétu kì í ṣe òmìnira, ibi ìdúró ni. Wọ́n á sì máa wá a ní Ìlaró ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ wá sìnkú, tó bá fẹ́ wá ṣègbéyàwó ọmọ. Mo tún fẹ́ kó mọ̀ pé ní ààlà wa, èmi fúnra mi ti bá ẹjọ́ pàdé níbi tí wọn ò ti wá ìwé kankan: wọ́n mú ọkùnrin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lálẹ́, ilẹ̀ mọ́ ó bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Kò bófin mu, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù. Ọkùnrin náà ti lo oṣù mẹ́rin kí n tó ráyè sọ ọ́. Kí ó wá lọ́yà ní Ìlaró, kí lọ́yà mú un lọ sí àgọ́ lọ́sàn-án gangan, kí ó sọ tẹnu rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹni yẹn ló kọ́kọ́ gbé àdá, ibẹ̀ ló ti wúlò láti sọ. Kí ẹbí sì lọ wo ẹni tó wà nílé ìwòsàn. Kì í ṣe òfin ló ní kẹ́ ẹ ṣe ìyẹn.

Ìbéèrè: Ìyáàfin Agbẹjọ́rò, nídìí ìwé ìròyìn lọ́jọ́ Sátidé, àwa àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà. Ọ̀rẹ́ mi ní ariwo lásán ni gbogbo kóòtù yẹn, ìjọba tó bá lágbára á gbé ẹni tó wù ú, ó ní ti Kanu ńkọ́? Èmi ní ti Umaru Dikko ńkọ́, ṣebí àṣírí tú? Ta ló jàre? — Tíṣà Fẹ̀yìntì, Òṣogbo

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ohun tó sì ń dùn mí nìyẹn.

Ọjọ́ 5 oṣù Keje 1984 ni ti Dikko. Mínísítà ni nígbà Shagari, ó sá lọ Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn tí ológun gbàjọba. Wọ́n gbé e lójú títì níwájú ilé rẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n sì gbé e sínú àpótí pákó ní pápákọ̀ òfurufú Stansted, níbi tí ọkọ̀ òfurufú Nàìjíríà kan ti ń dúró. Ẹ jẹ́ ká wo àpótí yẹn dáadáa. Dikko wà nínú rẹ̀, kò mọ ohun tó ń lọ, wọ́n ti ki ọ̀pá rọ́bà sí i lọ́fun kó má baà séèémí. Dókítà kan, ará Israẹli, jókòó tì í nínú àpótí kan náà, ó ń ṣọ́ ọ. Àwọn méjì mìíràn wà nínú àpótí kejì. Wọ́n ní ẹrù iléeṣẹ́ aṣojú ni, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣe ìwé rẹ̀ bó ṣe yẹ, akọ̀wé kọ́sítọ́ọ̀mù kan sì ti gbọ́ pé wọ́n jí ọmọ Nàìjíríà kan gbé. Wọ́n ṣí i. Mẹ́rin nínú wọn ṣẹ̀wọ̀n, ọdún 10 sí 14 ni wọ́n dá fún wọn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni Nàìjíríà wá kọ̀wé pé kí wọ́n fà á lé àwọn lọ́wọ́ bí òfin ṣe wí. Gẹ̀ẹ́sì kọ̀. Ká ní ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, bóyá à bá gbọ́ ẹjọ́ Dikko lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́. Àpótí ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ní ti Nnamdi Kanu, ajìjàgbara Biafra, ọ̀rẹ́ yín ní ẹsẹ̀ tó lè dúró lé. Láti Kenya ni wọ́n ti gbé e wá ní oṣù Kẹfà 2021, kò sí kóòtù Kenya kan tó pàṣẹ rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2022, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà mú un wá, ẹjọ́ náà kò lè dúró. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2023, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ yí i padà: wọ́n ní ọ̀nà náà kò dáa, ṣùgbọ́n kò gba agbára ìgbẹ́jọ́ lọ́wọ́ kóòtù. Adájọ́ tó ga jùlọ ni wọ́n, mo sì ń tẹrí ba. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí bí ará ilé, màá ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí yẹn, kò ní pa dé bọ̀rọ̀. Ti Hushpuppi ní Dubai tún rí bákan: kò sí àdéhùn láàárín United Arab Emirates àti Amẹ́ríkà, síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní 2020, ó ti wà ní Amẹ́ríkà. Oṣù 135 ni adájọ́ dá fún un ní oṣù Kọkànlá 2022. Ìlú tí ò bá fẹ́ ọ mọ́ lè lé ọ jáde, kó sì jẹ́ pé inú ọkọ̀ ẹni tó ń wá ọ ló lé ọ sí.

Bàbá wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà jù mí lọ ò ní gbàgbé Anthony Enahoro. Èmi kéré, bàbá mi ló ń sọ ọ́. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń gbé nígbà náà, wọ́n máa ń kó jọ sídìí rẹdifúṣọ̀n láti gbọ́ bó ṣe ń lọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà ìdàrúdàpọ̀ Action Group, Enahoro sá jáde, wọ́n mú un ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kọkànlá 1962, Nàìjíríà ní kí wọ́n dá a padà wá jẹ́jọ́ ọ̀tẹ̀ pẹ̀lú Awólọ́wọ̀. Kò sí àpótí, kò sí abẹ́rẹ́. Kóòtù ni látòkè délẹ̀, àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì sì bá ara wọn jà lé e lórí fún oṣù púpọ̀. Àmọ́ òfin tí wọ́n lò, ti ọdún 1881 ni, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tó bá rú òfin ní ilẹ̀ kan tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó sá lọ òmíràn. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tó ní kí wọ́n má dá ẹni padà nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Wọ́n dá a padà ní oṣù Karùn-ún 1963. Dingle Foot, lọ́yà rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò jẹ́ kó wọ Nàìjíríà. Wọ́n rán Enahoro lẹ́wọ̀n, ó di 1966 kó tó jáde. Bàbá mi ò fẹ́ràn Action Group rárá, ẹgbẹ́ kejì ló ń bá lọ, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí bàálù yẹn gúnlẹ̀, òun ò lè jẹun alẹ́.

Gẹ̀ẹ́sì yí òfin náà padà ní 1967. Tiwa ti 1966 sì sọ ọ́ kedere pé a kì í fa ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí ọ̀ràn òṣèlú, tàbí nígbà tó bá hàn pé nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí èrò rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá a. Nígbàkígbà tí mo bá ń ka ìlà yẹn sétí adájọ́, Enahoro ni mo máa ń rántí. Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé mo kí i, ẹ má ja ìjà mọ́.

Ìbéèrè: Mo ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì àti ti Nàìjíríà. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá ń wá mi, ṣé èkejì lè kọ̀ láti fà mí sílẹ̀ torí pé ọmọ ìlú ni mí? — Ọmọ Ìbàdàn, Peckham

Ìdáhùn: Rárá. Àwọn ìlú kan wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀: ìwé òfin Bùràsíìlì ní wọn ò gbọdọ̀ fa ọmọ Bùràsíìlì tí wọ́n bí síbẹ̀ lé ìlú mìíràn lọ́wọ́. Nàìjíríà àti Gẹ̀ẹ́sì ò sí lára wọn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, adájọ́ á wò ó bóyá wọn ò ní fi ẹ̀tọ́ rẹ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn dù ọ́, pàápàá bí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fẹ́ gbé ọ lọ ṣe rí, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ á dé ọ̀dọ̀ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Pásípọ́ọ̀tù rẹ kì í ṣe ààbò níbi kankan nínú ìyẹn. Ìlú kẹta pàápàá lè dá sí i. James Ibori, Nàìjíríà ló ti ṣe gómìnà, Dubai ni wọ́n ti mú un ní 2010, Dubai fà á lé Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́ ní oṣù Kẹrin 2011, ọdún 13 ni wọ́n dá fún un ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Bó bá jẹ́ àríyànjiyàn ni ẹ fẹ́ fi yanjú, ó parí síbẹ̀. Bí nǹkan bá wà nílẹ̀, ẹ pe lọ́yà kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.